Ẹni tó dákẹ́ nínú ọkọ̀ kò ní ká má bá òun sọ̀rọ̀

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ nípa àwọn èrò ọkọ̀ tó máa ń bá ẹni tí wọn kò mọ̀ rí tàkúrọ̀sọ, èyí tó pè ní àìlajú àti àtojúbọ̀. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ ọn. Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé ni pé ẹni tó bá dákẹ́ ń fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ jẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣì í.

Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ méjì nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Chicago, Nicholas Epley àti Juliana Schroeder, tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Wọ́n ní kí àwọn kan bá ẹni tó bá jókòó tì wọ́n sọ̀rọ̀, kí àwọn kan dá jókòó láìbá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan, kí àwọn yòókù sì ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí wọ́n bi àwọn mìíràn léèrè èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n rò pé yóò tu àwọn lára jù, dídá jókòó ni wọ́n mú. Àmọ́ àwọn tó sọ̀rọ̀ ni ìrìn àjò wọn dùn jù. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn èèyàn náà rò pé àwọn tí yóò fẹ́ dá wọn lóhùn kò ní tó ìdajì èrò ọkọ̀, síbẹ̀ kò sí ẹnìkan nínú àwọn tó dán an wò tó sọ pé wọ́n kan òun lábùkù. Olúkúlùkù ń wo ẹnu ẹnì kejì tó dì, ó ń rò pé bí inú rẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn, kò sì mọ̀ pé ohun kan náà ni onítọ̀hún ń rò nípa tòun. Wọ́n tún irú ìwádìí yìí ṣe nínú ọkọ̀ ojú irin ní agbègbè London, níbi tí èrò kì í ti fẹ́ wojú ara wọn, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2021: kò yàtọ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ti òyìnbó nìyẹn, pé ìkíni kì í ṣe ìṣòro tiwa. Ìbá dùn mọ́ mi bó bá rí bẹ́ẹ̀. Nínú dáńfó, ètò ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fipá là wá lẹ́nu. Bí kọ́ńdọ́ kò bá ní ṣéńjì, yóò so èèyàn méjì pọ̀, yóò ki owó bébà kan bọ ọwọ́ ọ̀kan, yóò ní kí wọ́n lọ pín in. Àwọn méjèèjì tí kò tíì wojú ara wọn láti Ìyànà-Ìpájà yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí kálukú ti ń sọ̀kalẹ̀, ta ló ní owó wẹ́wẹ́, àbí kí wọ́n ra píọ̀ wọ́tà kí wọ́n fi já a. Kí wọ́n tó dé Ọ̀ṣòdì, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ṣéńjì, ó ti di ti owó epo àti owó ilé ìwé ọmọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí káàdì Cowry, èyí tí a fi ń sanwó ọkọ̀, ti wọ inú bọ́ọ̀sì ìjọba tí wọ́n ń pè ní BRT, tí rélùwéè aláwọ̀ búlúù sì ti ń ná Mile 2 sí Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kò sí ṣéńjì tí yóò so ẹnikẹ́ni pọ̀ níbẹ̀. Èèyàn á fi káàdì kan ẹ̀rọ, á jókòó, á ki íápíìsì bọ etí, ó di ìgbà tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀. N kò bú káàdì o. Ìjà tó bá wa parí kò kéré.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù tó ń bà wá ní Èkó kì í ṣe lásán. Àwọn ‘wan ṣáńsì’ wà, kò sì sẹ́ni tó máa dá ìyá tó kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ lẹ́bi. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ tó ń gbé èrò lókùnkùn, ọ̀tọ̀ ni bọ́ọ̀sì ìjọba tó kún dẹ́nu lọ́sàn-án gangan. Àwọn tó ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ lójú tèmi ni àwọn ọkùnrin tó jẹ́ pé bí obìnrin bá ti dá wọn lóhùn ‘ẹ káàárọ̀’, nọ́ńbà fóònù ló kàn. Ẹ̀bi tiwọn pọ̀ ju ti íápíìsì lọ.

Ohun kan tún wà tí ń dá wa dúró, tí n kò rí nínú ìwádìí ti Chicago. Nílẹ̀ wa, ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà. Nínú ọkọ̀, ọmọdé ń bẹ̀rù kí wọ́n má pe òun ní aláṣejù, àgbà ń retí kí wọ́n kí òun, bí kò bá sì rí ìkíni, á ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi lọ sọ́dọ̀ àwa tí orí wa ti ń funfun: ẹ jẹ́ kí a máa kọ́kọ́ lanu. ‘Ẹ kú ìjókòó o’ tàbí ‘ẹ kú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ’ tó, kò pọn dandan kó di ọ̀rẹ́. Bí ẹni náà bá dáhùn ní gbólóhùn kan tó sì yíjú sí fèrèsé, ẹ fi í sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò sùn mọ́jú, tàbí kó jẹ́ ilé ìwòsàn ló ti ń bọ̀. Ìyẹn kò ní ká má kí ẹni tí yóò bọ́ sí àyè rẹ̀ bó bá sọ̀kalẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìyànà-Ìpájà, Èkó