Kí Ló Dé Tí O Kò Fi Í Sókè?

As-salāmu alaykum, ẹ̀yin jàmáà wa. Ẹ kú Jímọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, níbi wòlímọ̀ tí a ṣe ní Pàkátà, ọmọ ilé kéwú kan gbé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù lé mi lọ́wọ́. Oòrùn mú, òùngbẹ ń gbẹ mí, nǹkan dídùn sì wù mí (ìyàwó mi á jẹ́rìí). Kí n tó ṣí i, mo yí i padà. Lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ kéré ju ojú èèrà lọ. Mo wọ awò, kò ràn án. Ọmọ náà ló fi fóònù rẹ̀ yà á, ó fà á tóbi, ó kà á fún mi: nínú 100 mílílítà, ṣúgà gíráàmù 10.6.

Ó ní, "Ààfáà, kò mà pọ̀."

Mo ní kó wo bí ìgò náà ṣe tóbi tó. Mílílítà 500. A jókòó ṣírò rẹ̀: gíráàmù 53. Ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì ń gbà tó gíráàmù 4, nítorí náà ó lé ní ṣíbí 13 nínú ìgò kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí èyí tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má ju bíi 50 lọ, pé kó tilẹ̀ mọ ní 25 ló dáa jù. A ò sì tíì dé ìdí jọ̀lọ́ọ̀fù. Ta ló ń mu 100 mílílítà nínú ìgò, tí wọ́n fi ń bá wa ṣírò rẹ̀?

Hádíìsì tí Abū Hurayra gbà wá, tó wà nínú ìwé Muslim, ló sọ sí mi lọ́kàn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kíkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) kọjá lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó kó oúnjẹ jọ bí òkìtì lọ́jà. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ kan ibi tó tutù. Ó ní, "Kí lèyí, ìwọ olóúnjẹ?" Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ànábì ní, "Kí ló dé tí o kò fi í sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i? Ẹni tó bá tan ènìyàn jẹ kì í ṣe ara mi."

Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ọkùnrin yìí kò purọ́. Wọ́n bi í, òótọ́ ló sọ. Èyí tó tutù náà sì wà nínú òkìtì níbẹ̀, ẹni tó bá walẹ̀ á kàn án. Ìsàlẹ̀ tó fi í sí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ìyá wa ní ọjà Ìpàtà mọ ọgbọ́n èyí. Wọ́n á bu gàrí láti abẹ́, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á fọwọ́ kan ìdí kóńgò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Ṣùgbọ́n ta ló lè ki ọwọ́ bọ inú agolo tí wọ́n ti dé pa? Ìwé ara rẹ̀ nìkan ni ọwọ́ tí a ní. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tà á fi ń jà kó má bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní Chile, ọdún 2007 ni àbá òfin dé ilé aṣòfin pé kí àmì dúdú wà níwájú oúnjẹ tí ṣúgà, iyọ̀ tàbí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ bá a jà, 2012 ló tó di òfin, oṣù kẹfà 2016 ló tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún ní kí wọ́n yọ àwòrán ẹranko tí wọ́n fi ń fa ojú ọmọdé kúrò lára páálí. Ní Yúróòpù, nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n fi àwọ̀ bíi ti iná ojú pópó sára oúnjẹ, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá rọ̀ mọ́ àwọn aṣòfin lọ́rùn, àwọn aṣòfin náà sì fi ìbò já a kulẹ̀ ní oṣù kẹfà 2010. Èyí tó wu àwọn ilé-iṣẹ́ ni kí wọ́n kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó yẹ kí ènìyàn jẹ lójúmọ́, ìṣírò tí ìyá ọlọ́mọ yóò máa ṣe lóròó láàárín ọjà. Mexico náà lo irú rẹ̀ títí, kó tó gba àmì dúdú ní 2020.

Nílé wa níbí, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí nǹkan yóò bàjẹ́ la mọ̀ ọ́n wò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n pé wọ́n ti forúkọ ọjà sílẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kò sọ iye ṣúgà. Nígbà tí òfin ìnáwó 2021 sì bu owó orí lé ohun mímu aládùn, ẹ rántí bí àwọn oníléeṣẹ́ ṣe figbe ta. Náírà 10 lórí lítà kan o!

Kí n má nàka sí wọn nìkan. Nínú Ràmàdáánì tó kọjá, alágbàtà kan gbé ogójì páálí ohun mímu wá fún ìṣínu wa, ó sì so bánà mọ́ ògiri mọ́sáláásí. Mo ṣe àdúà fún un, àdúà náà sì gùn. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, dókítà kan nínú jàmáà wa fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lórí àtọ̀gbẹ. Èmi ni mo ní kó di ẹ̀yìn ọdún. Alágbàtà náà kò bẹ̀ mí, kò tilẹ̀ mọ̀ sí i. Bánà yẹn ni mo ń wò nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ẹ̀yìn ọdún dé, ó kọjá, mi ò ránṣẹ́ sí dókítà.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ báyìí. Yóò bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀. Omi àti dàbínù la ó fi máa ṣínu, ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan mìíràn ṣe sàráà, kó gbé e wá láìsí bánà. Kí olúkúlùkù mú páálí tàbí agolo kan lọ́wọ́ wá láti ilé ìdáná rẹ̀. Ẹ̀yin tí ojú yín rí bíi tèmi, àwọn ọmọ ilé kéwú á gbé fóònù dání.