Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Aláró àti Aládìrẹ Ìtòkú, Abẹ́òkúta, Lórí Ìgbìmọ̀ Omi Aró

Sí Alága Káńsù wa àti ẹ̀yin onímọ̀ tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀,

A kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

A gbọ́ pé ìgbìmọ̀ tí ẹ yàn láti ṣètò ibi tí a ó ti máa rẹ aṣọ àti bí omi aró yóò ṣe máa ṣàn lọ ti ń parí iṣẹ́. Ẹnjiníà wà níbẹ̀, onímọ̀ ìlera wà níbẹ̀, lọ́yà wà níbẹ̀. Kò sí aláró kankan. Ìyẹn ló mú wa kọ̀wé.

A ò kẹ́gàn ìmọ̀ wọn. Kọ́síìkì sódà, kẹ́míkà tí a ń pò mọ́ aró, ń jó wa lọ́wọ́, kò sì yẹ kí omi ìkòkò wa máa gba inú gọ́tà lọ sínú Odò Ògùn. A fẹ́ ìtọ́sọ́nà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún wọn pé aṣọ tí a rì sínú aró èlú, àwọ̀ ewé ló máa ń ní nígbà tí a bá kọ́kọ́ fà á sókè, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró? Nítorí náà, ibi tí a ó ti máa sá aṣọ gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Bí wọ́n bá fún wa ní yàrá tóóró tí kò ní ojúlé afẹ́fẹ́, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Alábẹ́là, tó ń fi àbẹ́là yíyọ́ ya àrà sí aṣọ, ń se aṣọ nínú omi gbígbóná kí àbẹ́là lè yọ́ kúrò. Bí omi náà bá tutù nínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, àbẹ́là á dì, á sì dí i pa. Ẹlẹ́kọ ní tirẹ̀, tó ń fi ẹ̀kọ láfún ya àrà, láfún náà ló ń fá dànù, ìyẹn kì í ṣe májèlé.

Ìlú yìí ti rí irú èyí rí. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà Aláké Ademola Kejì, wọ́n fòfin de kọ́síìkì sódà àti aró òyìnbó, wọ́n ní nǹkan méjèèjì yìí ló ba àdìrẹ jẹ́. Àwọn ìyá wa kọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó orí obìnrin, tí ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú rẹ̀: obìnrin ń san owó, wọn ò sì ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá. Ìjókòó yẹn gan-an ni àwa ọmọ wọn ń bèèrè.

Òfin wà lẹ́yìn wa. Abala 14 Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 ní kí ará ìlú kópa nínú ìjọba wọn. Àkóso ọjà wà lára iṣẹ́ káńsù, káńsù tí a dìbò yàn ni abala 7 sì mọ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tún fìdí èyí múlẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024. Kò tọ́ kí ìgbìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dìbò yàn ṣe ìpinnu tán kí wọ́n tó pè wá wá gbọ́ ọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ìjókòó mẹ́ta, ọ̀kan fún ẹlẹ́kọ, ọ̀kan fún oníko tó ń fi ìko di aṣọ, ọ̀kan fún alábẹ́là, kí àwa fúnra wa dìbò yàn wọ́n, kí wọ́n sì ní ìbò bí àwọn yòókù. Ẹ ka àbá òfin náà fún wa ní Yorùbá nínú ọjà kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Ẹ má fi ìpàdé sí ọjọ́ ọjà.

Ní kété tí èsì yín bá dé, a ó dìbò.

Àwa ni,
Àwọn Aláró àti Aládìrẹ Ìtòkú