Ẹfinrin Ẹ̀yìnkùlé Wa Tó Fi Se Sìpàgẹ́tì

Sí Olóòtú,

Mo ka ojú ìwé oúnjẹ tí ẹ gbé jáde nípa sìpàgẹ́tì àti ewé olóòórùn dídùn, mo sì dúpẹ́ pé ẹ kọ ọ́ ní èdè wa. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti ní kí ẹni tí kò bá rí basilic (ẹfinrin òyìnbó) tútù lọ ra èyí tí wọ́n ti sá gbẹ sínú ìgò kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ta ni ó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níhìn-ín tí kò mọ ẹfinrin, èyí tí àwọn Fọ̀n ń pè ní tchiayo? Orúkọ kan ṣoṣo, Ocimum, ni àwọn onímọ̀ ewéko fi ń pe ìdílé àwọn méjèèjì, epo tó sì ń mú ewé wọn ta sánsán máa ń fò lọ púpọ̀ nígbà tí a bá sá wọn gbẹ.

Mo mọ ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù. Wọ́n ní àgbo inú rírun ni ẹfinrin, pé oúnjẹ yóò máa rùn bí oògùn. Ewé kọ́ ni ó jẹ̀bi, bí a ṣe ń lò ó ni. Ẹfinrin le ju basilic lọ, nítorí náà ewé bíi mẹ́wàá ti tó fún àpò sìpàgẹ́tì 500 gíráàmù, a kò sì gbọdọ̀ sè é pẹ́ lórí iná.

Bí èmi ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń gbé omi lítà 5 kaná fún àpò kan, n ó dúró kí ó hó yaya, n ó da iyọ̀ sí i, nítorí inú omi yẹn ni iyọ̀ ti ń wọ inú sìpàgẹ́tì fúnra rẹ̀. Mo máa ń tọ́ ọ wò ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ṣáájú àkókò tí wọ́n kọ sára àpò, kí ó má baà rọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi rẹ̀ nù tán: ife kan nínú omi tó ti funfun yẹn ni yóò mú òróró dì mọ́ oúnjẹ. Nínú òróró ẹ̀pà, lórí iná tí kò le, mo máa ń dín ááyù tí mo gé wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ata díẹ̀. Bí ááyù bá pọ́n jù, yóò korò, kò sì sí àtúnṣe mọ́. N ó da sìpàgẹ́tì àti omi náà sí i, n ó máa rò ó pọ̀ títí yóò fi máa dán. Ìgbà tí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀ tán ni mo tó ń fi ọ̀bẹ mímú gé ẹfinrin sí i. Ooru oúnjẹ nìkan ti tó láti tú òórùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá ọkọ mi, ọmọ Kétu, ni ó gbin ẹfinrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga wa, tí ó sì máa ń já òdòdó rẹ̀ kí ewé má baà kéré. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá kọ̀ láti jẹ sìpàgẹ́tì náà. Nísinsin yìí, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé omi ń hó, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń lọ já ewé wá.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa oúnjẹ yìí, ẹ kọ orúkọ ẹfinrin sí i.

Èmi ni,
Olùkàwé yín kan láti Àjàṣẹ́