Ó Yẹ Kí Ìwé Ìtọ́jú Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ Wà Ní Ẹ̀pẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde ni pé ìmọ̀ràn tí ìjọba ń fún àwa àgbẹ̀ Ẹ̀pẹ́ lórí ìtọ́jú ilẹ̀ àti omi kò yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán mọ́, kò sì yẹ kó jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó yẹ kó di ìwé lédè Yorùbá, kí àgbẹ̀ tó bá dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lè béèrè fún un, kí wọ́n sì gbé e lé e lọ́wọ́.

Ẹni tó bá mọ agbègbè wa mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Ilẹ̀ pupa wà lókè, lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì dà gẹ̀rẹ́ níbi púpọ̀; iyanrìn ló wà létí ọ̀sà, irà ló sì gba ìsàlẹ̀ odò. Bí ẹ bá bu ilẹ̀ pupa yìí lẹ́yìn òjò tí ẹ sì fún un mọ́wọ́, yóò dì mọ́ra. Iyanrìn etí ọ̀sà yóò ti tú ká kí ẹ tó lawọ́ tán. Ajílẹ̀ tí a bá dà sórí iyanrìn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òjò ló máa gbé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ tó rí i lò, omi inú ilẹ̀ kò sì jìn níbẹ̀, ìyẹn ni pé kànga tí à ń mu lè gbà nínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló yẹ ká máa fi í síbẹ̀. Ní ti ilẹ̀ òkè, ọ̀gbàrá tó ń kó erùpẹ̀ ojú ilẹ̀ lọ ló yẹ ká kọ́kọ́ bá jà. Síbẹ̀, níbi ìpàdé àgbẹ̀ kan tí mo lọ, ìwọ̀n ajílẹ̀ kan náà ni wọ́n pè fún ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ òkè àti ẹlẹ́fọ̀ọ́ etí ọ̀sà. Wọ́n fún wa ní fìlà o, wọ́n sì fún wa lómi inú ọ̀rá, àmọ́ kò sí ìwé kankan tí a mú relé. Bí wọ́n bá sì gbé òṣìṣẹ́ tó gbà wá nímọ̀ràn lọ síbòmíràn, tòun tìmọ̀ rẹ̀ ló lọ.

Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ìjì erùpẹ̀ ti ba ọ̀pọ̀ oko jẹ́ láwọn ọdún 1930, òfin kan jáde ní 1935 tó dá iléeṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú ilẹ̀, Hugh Hammond Bennett ló sì kọ́kọ́ darí rẹ̀. Láti 1994 ni wọ́n ti ń pè é ní Natural Resources Conservation Service. Iléeṣẹ́ yìí ní ìwé ìtọ́sọ́nà alápá 5 tí wọ́n ń ṣètò rẹ̀ bí agbègbè kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Irú ilẹ̀ tó wà ládùúgbò wà ní apá kejì; ìlànà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà ní apá kẹrin pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, bíi 340 fún gbígbin ohun tí yóò bo ilẹ̀, àti 393 fún koríko tí a dá sí láti sẹ́ ẹrẹ̀ kó má bàa wọ odò. N kò sọ pé ká da ìwé wọn kọ, nítorí kí la fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìnyín ṣe? Ètò rẹ̀ ló wù mí: ilẹ̀ àti òjò àdúgbò ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó gbani nímọ̀ràn.

Ẹ wo irú nǹkan tó lè wà nínú tiwa. Bí ebè bá kọjú sísàlẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, poro rẹ̀ ni ọ̀gbàrá ń gbà. Ó yẹ kí ebè dábùú ni. Ojú lásán kò lè mọ ibi tó dọ́gba, ṣùgbọ́n igi mẹ́ta lè mọ̀ ọ́n. A ó kan méjì pọ̀ lórí kí ẹsẹ̀ wọn yà, a ó fi ìkẹta dábùú wọn láàárín, a ó so òkúta mọ́ okùn kí ó rọ̀ láti òkè. A ó gbé e dúró, a ó sàmì síbi tí okùn ti kan igi ìdábùú. A ó wá pààrọ̀ ipò ẹsẹ̀ méjèèjì, a ó tún sàmì. Bí okùn bá ti bọ́ sí àárín gbùngbùn àmì méjèèjì, ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba nìyẹn. Lẹ́yìn náà, a ó máa yí i lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ la oko já, a ó máa kan èèkàn síbi tó bá ti dọ́gba, ojú èèkàn yẹn la ó sì kọ ebè tọ̀. Kò ná wa lówó kan. Bí a bá kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán, tí a fi kún un pé òjò wa máa ń pọ̀ jù ní nǹkan bí oṣù Kẹfà, tó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ kó tó tún padà wá, àgbẹ̀ yóò mọ ìgbà tí ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ní ìbòrí.

Kí wọ́n pe àwọn àgbàlagbà tó ti ń roko níbẹ̀ tipẹ́ sí kíkọ ìwé náà, nítorí wọ́n mọ ibi tí omi ń gbà ju ẹni tó wá pẹ̀lú máàpù lọ. Mo bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ àti àwọn tó ń rí sí ètò ọ̀gbìn ní ìpínlẹ̀ wa kí wọ́n fi ojú ewé díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, kí wọ́n sì máa fi kún un lọ́dọọdún. Bí ó bá jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un láyè nínú ìwé ìròyìn yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àgbẹ̀ kan ní Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó