Kọ Lẹ́tà Náà, Ọ̀rẹ́ Mi

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ìbejì wa ńkọ́? Mo rí i nínú lẹ́tà rẹ pé inú ń bí ọ gan-an nítorí eré tẹlifíṣọ̀n yẹn tí wọ́n dá dúró láìjẹ́ kí ìtàn rẹ̀ parí. O ní bí èèyàn bá kọ̀wé sí wọn, ta ló máa kà á? Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ń kà á o.

Wo Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn tó ń rìnrìn àjò nínú òfurufú. Ọdún 1966 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí 1967 fi máa parí, ìròyìn ti ń lọ pé wọ́n fẹ́ pa á tì, torí àwọn tó ń wò ó kò pọ̀ tó lójú wọn. Tọkọtaya kan, Bjo àti John Trimble, ló ta àwọn olólùfẹ́ eré náà jí. Ohun tó wù mí jù nínú ọgbọ́n wọn ni pé wọn ò fẹ́ kí gbogbo èèyàn máa da lẹ́tà kan náà kọ. Kálukú ni kó fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó sì ní kí ẹlòmíràn náà kọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Caltech, yunifásítì kan ní California, tan ògùṣọ̀, wọ́n wọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà NBC ní ìlú Burbank níbẹ̀. Lẹ́tà tó wọlé lé ní 100,000. Ní oṣù Kẹta 1968, NBC kéde lórí afẹ́fẹ́ pé àwọn ò ní pa eré náà tì.

Lóòótọ́, agogo mẹ́wàá alẹ́ Friday ni wọ́n tì í sí, wọ́n dín owó rẹ̀ kù, ó sì kógbá sílé ní 1969. Ṣùgbọ́n apá kẹta tí wọ́n torí lẹ́tà wọ̀nyẹn ṣe ló sọ iye abala rẹ̀ di 79, ìyẹn sì tó kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kéékèèké rà á, kí wọ́n máa tún un gbé jáde lójoojúmọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ayé ti wá fẹ́ràn rẹ̀.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti Nichelle Nichols, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ṣe Uhura, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ òfurufú eré náà. Ó fẹ́ fi eré náà sílẹ̀ lẹ́yìn apá kìíní. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé níbi àpèjẹ kan, wọ́n ní ẹnì kan tó fẹ́ràn eré òun gan-an fẹ́ rí òun. Martin Luther King ni, aṣáájú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà! King ní kò gbọ́dọ̀ lọ. Nichelle sì dúró lóòótọ́. Ní 1977, òun ni NASA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rán èèyàn lọ sí òfurufú, gbà kó bá wọn wá àwọn obìnrin àti aláwọ̀ dúdú tó lè lọ sí òfurufú. Mae Jemison, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó lọ sí òfurufú, tó ti ń wo Uhura láti kékeré, gòkè lọ ní 1992. Ọ̀rọ̀ ẹnu olólùfẹ́ eré kan ṣoṣo nìyẹn, Ìyá Ìbejì.

Nítorí náà, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, mú bírò. Má bú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń bú òṣèré nítorí àwọ̀ ara wọn ń ba orúkọ gbogbo wa jẹ́ ni. Sọ abala tó pa ọ́ lẹ́kún fún wọn, kí o sì sọ ìdí rẹ̀. Fi àdírẹ́sì wọn ránṣẹ́ sí mi, kí n kọ tèmi náà.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Àyọ̀