Ọ̀yà Alágbàṣe

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Mo kí yín kú ọjọ́ ìsinmi. Ọ̀rọ̀ ọ̀yà ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni n ó sì ti mú un, nígbà tí ilé ìjọsìn fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá lórí ọ̀pọ̀ alágbàṣe.

Ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, owó kọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí òṣìṣẹ́ oko àwọn olówó ń gbà níbẹ̀. Ọkà ni atúlẹ̀ àti darandaran máa ń gbà láti inú àká ọ̀gá wọn, ní bí ọ̀sẹ̀ 10 sí 12 síra wọn, wọ́n á wá fi ṣílè mélòó kan lé e lọ́dún. Ọmọ ọ̀dọ̀ ilé ńlá ń jẹ níbẹ̀, ó ń sùn níbẹ̀, wọ́n sì ń dáṣọ fún un. Ẹ má fojú kéré ọkà yẹn o. Nígbà tí ìyàn mú láti 1315 sí 1317, tí oúnjẹ di ọ̀wọ́n gógó, pẹ́nì tí èèyàn mú lọ sọ́jà kò ra nǹkan gidi.

Àwọn mọ́ǹkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn tó jọ ń gbé ní kàtídírà (ilé ìjọsìn ńlá) Norwich, ló ni oko kan ní Sedgeford, ní Norfolk. Wọ́n ń kọ oúnjẹ tí wọ́n fún àwọn olùkórè sínú ìwé ìnáwó wọn. Ní 1256, búrẹ́dì ọkà bálì ló pọ̀ jù níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyí, ẹran kò tó nǹkan. Nígbà tó fi máa di 1424, ẹran ti pọ̀ dáadáa, búrẹ́dì àlìkámà ti dé. Àjàkálẹ̀ àrùn tó wọ̀lú ní 1348 ló ti pa èèyàn rẹpẹtẹ, tó sọ òṣìṣẹ́ di ẹni à ń wá.

Àmọ́ kí nǹkan tó dẹrùn fún wọn, ẹ wo ohun tí àwọn alágbára ṣe. Ọba Edward Kẹta pàṣẹ ní 1349 pé ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé 60 ọdún, tí kò ní ilẹ̀ tàbí iṣẹ́ ọwọ́, gbọ́dọ̀ sin ẹni tó bá pè é, ní iye owó tí wọ́n ń san kí àrùn náà tó dé. Nígbà tó di 1351, ilé ìgbìmọ̀ kọ iye náà sílẹ̀: pẹ́nì 1 lójúmọ́ fún ẹni tó ń sá koríko, pẹ́nì 2 fún olùkórè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Ògọ́ọ̀sì, pẹ́nì 3 láti ọ̀sẹ̀ kejì, pẹ́nì 3 fún ọ̀gá káfíńtà. Wọ́n ní olùkórè kò gbọdọ̀ béèrè oúnjẹ tàbí ohun mímu lé e. Ẹni tó bá kọ̀ láti búra pé òun ó pa òfin náà mọ́, wọ́n á kan àbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an. Àwọn tó ṣe òfin yẹn ń gbọ́ Máàsì, bẹ́ẹ̀ ni Jákọ́bù 5:4 ti wà nínú Bíbélì wọn, pé ọ̀yà tí a fi ẹ̀rú dá dúró ń ké, igbe olùkórè sì ti dé etí Olúwa. Àlùfáà kan, John Ball, dúró ti àwọn mẹ̀kúnnù. Wọ́n pa á ní St Albans ní 1381.

Ẹ̀yin ará, ta ló ń bá yín fọṣọ? Ọmọ tí wọ́n mú wá láti abúlé, ọwọ́ ta ni owó oṣù rẹ̀ ń bọ́ sí? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan nínú wa pé, "Ṣebí ọ̀dọ̀ wa ló ti ń jẹun." Oúnjẹ lè jẹ́ ara ọ̀yà bí ẹ bá jọ fẹnu kò sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá jọ fẹnu kò, ẹ kò lè fi àwo ìrẹsì gbé owó ọmọ ọlọ́mọ mì. Diutarónómì 24:15 ní kí oòrùn má wọ̀ lórí owó alágbàṣe, torí pé tálákà ni, ọkàn rẹ̀ sì wà lára owó náà.

Ìgbìmọ̀ ìjọ ti gbà pé láti oṣù yìí lọ, a ó máa san owó ọlọ́dẹ àti ti àwọn tó ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run kí a tó san owó epo jẹnẹrétọ̀ tàbí ti ohunkóhun mìíràn. Bí ẹ bá jẹ alágbàṣe lówó, ẹ san án kí ẹ tó wá síbi oúnjẹ Olúwa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a, kó wá bá mi ní ọ́fíìsì ní Ọjọ́bọ̀, ká jọ wá bí a ó ṣe san án.