Ọ̀rọ̀ Pápá Básíkẹ́ẹ̀tì Wa Tún Dé o: Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Dáwó

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ pápá básíkẹ́ẹ̀tì tí àwa ìgbìmọ̀ ń bá ìlú kọ́ náà ni: àwọn kan ṣèlérí owó, wọn ò san án, iṣẹ́ sì dúró. A ò ní tú u palẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ torí kò sẹ́ni tí ò mọ bó ṣe débi tó dé. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ọjà kọjá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí á ti fojú ara ẹ̀ rí i: kankéré dé ìdajì, ó dúró, òpó irin méjèèjì ti dógùn-ún, ọ̀kan ò tiẹ̀ ní pátákó lórí, àwọn ọmọ wá gé ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kan kúrò, wọ́n fi wáyà dè é mọ́ ọn, òun ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí. Orí kankéré tó sì wà yẹn, àwọn ìyá wa ti ń sá làfún síbẹ̀. A ò bá wọn jà, ibi tó mọ́ ni wọ́n rí.

Ẹ wo ẹ̀yìn síńgíléètì àwọn ọmọ yẹn, 34 ni wọ́n fi máàkà kọ síbẹ̀. 34 ti Giannis Antetokounmpo ni, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká tó bá ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks gba ife NBA, ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn bàbá wọn ló mọ̀ pé 34 náà ni Hakeem Ọlájuwọ́n tiwa wọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ ẹ̀, Houston Rockets, gba ife yẹn ní 1994 àti 1995. Kéèyàn jẹ́ MVP, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, kó tún gba àmì ẹ̀yẹ ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù lọ, nínú sáà kan ṣoṣo, títí dé 2020 àwọn mẹ́ta péré ló ṣe é: Michael Jordan, Ọlájuwọ́n, Giannis. Ẹ wò ó, méjì nínú mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá! Tí orí wa ò bá wú sí ìyẹn, kí ló tún máa wú u?

Ká má parọ́, Giannis kì í ṣe ọmọ ìlú wa. Athens ní Gíríìsì ni wọ́n bí i sí ní 1994, bàbá ẹ̀ Yorùbá, ìyá ẹ̀ Ìgbò, Adétòkunbọ̀ lorúkọ ìdílé kí àwọn Gíríìkì tó kọ ọ́ bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, síbẹ̀ ó di 2013 kí wọ́n tó fún un níwèé ọmọ ìlú. Òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n àbúrò ẹ̀ kiri aago àti góògù ní títì, òun àti Thanasis ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sì jọ pín bàtà básíkẹ́ẹ̀tì kan wọ̀. Ṣùgbọ́n pápá wà ládùúgbò wọn ní Sepolia o, ìyẹn gan-an la fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Bàtà lè ṣòro, oúnjẹ lè ṣòro, pápá wà. Nígbà tó dèèyàn ńlá wọ́n ya àwòrán ẹ̀ gàgàrà sílẹ̀ pápá kan níbẹ̀. Àwa, làfún la sá.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Ọdún tó kọ́kọ́ dé Milwaukee, kò tíì pé ọmọ ọdún 19, ó lọ fowó ránṣẹ́ sáwọn òbí ẹ̀ ní Western Union, ó fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ tán ló tó rí i pé kò ku owó tákísí tó máa gbé òun dé ibi eré, òtútù Milwaukee sì rèé, ló bá ki eré mọ́lẹ̀ nínú jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àfìgbà tí tọkọtaya kan dúró gbé e. A ò ní kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ sáré relé o. Ohun tẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ la ní kẹ́ ẹ san.

Lọ́jọ́ ìkówójọ, gbọ̀ngàn kún, wọ́n pe orúkọ, wọ́n dìde, wọ́n jó, wọ́n ya fọ́tò, àwọn kan tiẹ̀ gba máíkì lọ́wọ́ alága. Owó ò wá. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí. Ẹni tó ní ká kọ orúkọ òun sára pátákó méjèèjì mọ ara ẹ̀. Ẹni tó ń sọ pé owó ò wọ àkáǹtì yẹn náà mọ ara ẹ̀, àkáǹtì kan náà tó gba ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan àwọn ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Ẹ̀yin ti Houston, ìlú tí Ọlájuwọ́n ti fi ọdún 17 gbá bọ́ọ̀lù fún Rockets, fídíò ìlérí yín ṣì wà lórí fóònù wa.

Owó àkọ́kọ́ ńkọ́? Rísíìtì wà lọ́wọ́ akápò, ẹni tó bá fẹ́ rí i kó wá lọ́sàn-án, kó yé fi voice note bú èèyàn lóru. Gbogbo yín lẹ mọ ohun tójú náírà rí láti 2023, sìmẹ́ńtì ò sì yọ ìlú wa sílẹ̀. Àwọn báàgì sìmẹ́ńtì tí òjò bà jẹ́, a kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ alága tí wọ́n ń fẹnu kàn pé sìmẹ́ńtì pápá ló fi kọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ti wà kí ìgbìmọ̀ yìí tó dé, ẹ bi aládùúgbò ẹ̀.

Àwọn ará òdì kejì odò ti parí tiwọn. Lálaalẹ́ la ń rí iná pápá wọn. Àwọn ọmọ wa ń wọ ọ̀kadà lọ síbẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n dúró ná káwọn ọmọ onílé ṣe tán. Ọmọ tiwa ló ń dúró o, lẹ́nu ọ̀nà ìlú tí a jọ ń du ọjọ́ ọjà!

Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ ti sú yín, Bucks ò gba ife látọdún 1971 títí di 2021. Lọ́dún 2021 yẹn, Giannis fi orúnkún ṣèṣe nígbà tí wọ́n ń bá Atlanta Hawks gbá, gbogbo èèyàn ní ó parí, ó padà wá. Nínú àṣekágbá, Phoenix Suns na wọn lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, Bucks wá na Suns mẹ́rin tẹ̀léra, eré kẹfà Giannis kó póìǹtì 50. Free throw, bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ téèyàn ń jù tí wọ́n bá ṣẹ̀ ẹ́, tí òǹwòran máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n á máa ka ìṣẹ́jú àáyá mọ́ ọn lórí, 17 ló wọlé nínú 19. Àwa náà, méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà wá yìí.

Ìdáwó: ₦10,000 nílé, ₦30,000 Èkó àti Àbújá, $100 òkè òkun. Àkáǹtì ẹgbẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ orúkọ agboolé yín sí i. Ó pẹ́ tán, ọjọ́ 15 oṣù tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, akọ̀wé máa ka orúkọ ẹni tó san àti ẹni tí ò san níwájú Kábíyèsí, agboolé sí agboolé, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé àwọn ìyá yín ló máa ń jókòó síwájú.